Ohun tí etí mọ̀ tí ojú kò rí: àlàyé lórí ìró, ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀: gbọ́n. Ìró mélòó ló wà nínú rẹ̀? Ẹni tó bá fi ojú kà á yóò ní mẹ́rin, torí pé bírò rẹ̀ kọ g, ó kọ b, ó kọ ọ, ó sì kọ n. Ẹni tó bá rántí pé ẹyọ lẹ́tà kan ni gb nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá yóò ní mẹ́ta. Ìró méjì péré ló wà níbẹ̀. Gb jẹ́ ìró kan, ọn náà sì jẹ́ ìró kan. N tó wà lẹ́yìn ọ yẹn kì í ṣe ìró rárá, àmì lásán ni. Ó ń sọ fún òǹkàwé pé kí ó jẹ́ kí èémí gba imú pẹ̀lú ẹnu jáde bó ṣe ń pe ọ. Ohùn òkè sì wà lórí rẹ̀, òun náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, a óò dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú tí wọ́n bá ṣí ìwé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. A ti mọ èdè sọ kí ilé ìwé tó kọ́ wa ní lẹ́tà. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ní ká sọ nǹkan nípa èdè, lẹ́tà ni ọkàn wa máa ń sáré lọ bá. Nínú nǹkan bí 7,000 èdè tó wà láyé, ọ̀pọ̀ wà tí wọn kì í kọ sílẹ̀ rárá, ìyẹn kò sì dín nǹkan kan kù nínú gírámà wọn. Àkọsílẹ̀ jẹ́ àwòrán ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwòrán a sì máa fi nǹkan pamọ́, nígbà mìíràn a tún máa fi ohun tí kò sí kún un.

Bí ẹnu ṣe ń pe ìró

Apá tó ń wo bí a ṣe ń pe ìró ni wọ́n ń pè ní fonẹ́tíìkì. Èémí máa ń ti inú ẹ̀dọ̀fóró gòkè, yóò kọjá nínú gògóńgò níbi tí tán-án-ná wà, yóò bọ́ sí ọ̀fun, lẹ́yìn náà yóò gba ẹnu tàbí imú jáde. Ohun tí a bá ṣe sí èémí yìí lójú ọ̀nà ló ń sọ ọ́ di ìró.

Ẹ fi ìka méjì kan gògóńgò yín, kí ẹ wá pe "sssss", kí ẹ fà á gùn. Kò sí nǹkan tí yóò mì. Ẹ pe "mmmmm" báyìí: ọ̀fun yóò máa gbọ̀n lábẹ́ ìka yín. Tán-án-ná ló ń gbọ̀n yẹn. Ìró tí tán-án-ná bá ń gbọ̀n fún ni akùnyùn, èyí tí kò bá gbọ̀n fún ni àìkùnyùn. Nǹkan kan ṣoṣo yìí ló ya t kúrò lára d, òun náà ló ya k kúrò lára g. Ahọ́n kò kúrò níbi tó wà, ètè kò ṣe ohun mìíràn, tán-án-ná nìkan ló pinnu.

Ìró tó wù mí jù nínú èdè wa ni èyí tí a ń fi p kọ. P Yorùbá kì í ṣe p ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Faransé. Tiwọn, ètè méjèèjì pàdé, ó tán. Tiwa, ètè méjèèjì pàdé, ẹ̀yìn ahọ́n náà sì gbéra lọ kan àfàsé, ìyẹn ibi rírọ̀ tó wà lókè ẹnu lápá ọ̀fun, níbi tí a ti ń pe k. Ibi méjèèjì jọ dí èémí, wọ́n sì jọ tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gb rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àfi pé tán-án-ná ń gbọ̀n nígbà tirẹ̀. Àwọn Ìgbò ní irú ìró yìí, kp ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nítorí pé èdè wọn ní p lásán pẹ̀lú, wọn kò sì fẹ́ kí méjèèjì dàrú mọ́ra. Yorùbá kò ní p lásán, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà kan fi tó wa.

Irú nǹkan báyìí ló mú kí àwọn olùkọ́ èdè kan kóra jọ ní Paris ní 1886, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí ẹgbẹ́ náà sì ṣe àkójọ àmì tí gbogbo ayé lè lò: ìró kan, àmì kan, èdè yòówù kó jẹ́. K àti p tí a fi ìlà so pọ̀ lókè ni wọ́n fi ń kọ p wa níbẹ̀. Ààyè wà fún ìró tí àwa kò ní pẹ̀lú, irú àwọn tí ahọ́n máa ń ta lára àjà ẹnu nínú èdè Xhosa àti Zulu, èyí tí àkọtọ́ wọn ń fi c, q àti x kọ.

Ìró tí èdè kà sí

Fonẹ́tíìkì ń béèrè ohun tí ẹnu ṣe. Fonọ́lọ́jì ń béèrè èwo ni èdè kan kà sí nínú ohun tí ẹnu ṣe. Ẹ jẹ́ ká rọra lọ níbí.

Bí mo bá ní tà, tí mo tún ní dà, ìró kan ṣoṣo ló yí padà, ìtumọ̀ sì yí pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, t àti d jẹ́ fóníìmù méjì nínú Yorùbá. Fóníìmù ni ìró tí èdè fi ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Èyí kò le. L àti n ńkọ́?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí, ní. Níwájú ilé, nílé ni a ń sọ. Níwájú inú, nínú ni. Ṣùgbọ́n níwájú ọjà, ó di lọ́jà; níwájú òde, ó di lóde; níwájú ẹ̀yìn, ó di lẹ́yìn. Kí ló sọ n di l? Ẹ fi ọwọ́ dí imú yín pinpin kí ẹ tó pe ní, yóò fẹ́ di lí mọ́ yín lẹ́nu. Kì í ṣe n nìkan ló ń gba imú nínú ọ̀rọ̀ yẹn, i tó tẹ̀ lé e náà ń gba imú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọtọ́ kò fi àmì kankan sí i. Nígbà tí ní bá so mọ́ ọjà, a ó pa i yẹn jẹ, ọ ló kù. Ọ kì í gba imú, n kò sì lè dúró níwájú rẹ̀, ni l bá gba ipò. Bí ọ̀rọ̀ kejì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú i, i aránmúpè ti ní ló máa ń ṣẹ́kù, n á sì wà níbi tó wà.

Òfin ibẹ̀ ni pé n máa ń wà níwájú fáwẹ̀lì aránmúpè, l níwájú fáwẹ̀lì àìránmúpè, wọn kì í sì pàdé lójúkò kan. Ẹ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá àbáláyé tó ní lin tàbí lun nínú, ẹ ó wá a tì. Ẹnìkan lè ní lá àti ná wá ńkọ́, ṣé wọn kò fi hàn pé l àti n ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀? Lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Létí, fáwẹ̀lì wọn kò dọ́gba: èyí tó wà nínú ná ń gba imú, ti inú lá kò gbà á. Fáwẹ̀lì ló ya wọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kan fi sọ pé fóníìmù kan ṣoṣo ni l àti n, tó ní ẹ̀dà méjì. Èmi gbà pẹ̀lú wọn. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló ń pa òfin yìí mọ́ láti kékeré, kò sì sí òbí tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ láti kọ́ ọ.

Ohun tí èdè kan kà sí ẹ̀dà, èdè mìíràn lè kà á sí fóníìmù. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, p tó bẹ̀rẹ̀ pin máa ń jáde pẹ̀lú èémí. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. P inú spin kò ní èémí yẹn. Elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í fura, torí pé ìyàtọ̀ náà kò yí ìtumọ̀ kankan padà nínú èdè rẹ̀. Nínú èdè Hindi, ìyàtọ̀ yẹn gan-an ló ya pal, ìyẹn ìgbà díẹ̀, kúrò lára phal, ìyẹn èso. Èdè Japan ní tirẹ̀ kò ya l àti r sọ́tọ̀, nítorí náà light àti right ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń dún bákan náà sí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ibẹ̀. Àwọn olùwádìí ti dán èyí wò lára ọmọ ọwọ́: ní nǹkan bí oṣù 6 sí 8, ọmọ Japan ń gbọ́ ìyàtọ̀ l àti r bí ọmọ Amẹ́ríkà ṣe ń gbọ́ ọ, kí ó tó pé ọmọ ọdún kan, agbára yẹn ti ń dín kù. Etí rẹ̀ kò bàjẹ́ o. Èdè tí wọ́n ń sọ sí i ló ti kọ́ ọ ní ohun tó lè gbójú fò.

Ohùn

Kọ́, kọ, kọ̀. K kan náà, ọ kan náà. Ọ̀kan ni a ń ṣe sí ilé, ọ̀kan ni a ń ṣe sí lẹ́tà, ọ̀kan sì ni ẹni tí kò gbà ń ṣe. Ohun tó ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ohùn, èyí sì mú kí ohùn jẹ́ fóníìmù bí t àti d ti jẹ́ fóníìmù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i, fóníìmù ló ń yọ sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ohùn òkè kì í ṣe ariwo. Ènìyàn lè sọ kọ́ wúyẹ́wúyẹ́, kí ó sì pariwo kọ̀. Kì í sì í ṣe ìwọ̀n kan pàtó tí a lè fi ẹ̀rọ wọ̀n kalẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, torí pé ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lè tinrín ju ohùn òkè bàbá rẹ̀ lọ. Ohun tí etí ń wò ni bí sílébù kan ṣe ga sí èkejì lẹ́nu ẹni kan náà. Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń gbé ohùn sókè sódò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń fi ṣe yàtọ̀: ó lè fi hàn pé ìbéèrè ni a ń béèrè, tàbí pé ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń sọ ọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò lè sọ ajá di ológbò. Nínú èdè Mandarin ti Ṣáínà, ma lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ ẹṣin, ó lè jẹ́ kí a bú ènìyàn, ohùn ni yóò sọ èwo ni. Ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà jẹ́ olóhùn. Swahili kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Ohun kan wà nípa ohùn tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́. Ẹ tú akẹ́kọ̀ọ́ palẹ̀: a, kọ́, ẹ̀kọ́. Nígbà tí kọ́ pàdé ẹ̀kọ́, a pa ọ inú kọ́ jẹ. Ohùn òkè tó gùn ún kò bá a lọ, ó fò lé ẹ tó wà níwájú. Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò rí ibi jókòó mọ́, ó sún síwájú, òun ni a ń gbọ́ nínú kọ̀ọ́. Fáwẹ̀lì kú, ohùn rẹ̀ yè. Bí ohùn bá jẹ́ ara fáwẹ̀lì, bí funfun ṣe jẹ́ ara ẹfun, ṣé kò yẹ kí wọ́n jọ lọ ni? Ní 1976, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kan, John Goldsmith, dábàá ní Amẹ́ríkà pé ohùn wà lórí ìpele tirẹ̀, fáwẹ̀lì wà lórí tirẹ̀, okùn ló kàn so wọ́n pọ̀, okùn ọ̀hún sì ṣeé tú kí a so ó mọ́ ibòmíràn. Àwọn èdè Áfíríkà wà lára èyí tó fi ṣe ẹ̀rí, èrò náà sì yí fonọ́lọ́jì padà níbi gbogbo.

Ẹyọ tí ohùn máa ń gùn ni sílébù. Gbọ́n ní ẹyọ kan. Ọ̀ǹtẹ̀ ní mẹ́ta: ọ̀, ǹ, tẹ̀. N tó wà láàárín yẹn ní ohùn tirẹ̀, nítorí náà ó dá dúró bíi sílébù. Ẹ ti wá rí lẹ́tà n nínú iṣẹ́ mẹ́ta báyìí: kọ́ńsónáǹtì ni nínú ná, sílébù ni nínú ọ̀ǹtẹ̀, àmì lásán ni nínú gbọ́n.

Gbogbo èdè ló ní ìlànà bí ìró ṣe lè tò sínú sílébù. Ti Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, kì í sì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kan ara wọn. Class wọlé, ó di kíláàsì. Brick wọlé, ó di bíríkì. Ìlànà èdè Japan fara jọ tiwa, ìyẹn ló fi jẹ́ pé Christmas di kurisumasu lẹ́nu wọn. Ìlànà mìíràn tó dùn mọ́ni ni pé kò sí ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá àbáláyé tó fi fáwẹ̀lì olóhùn òkè bẹ̀rẹ̀. Íńkì, íntánẹ́ẹ̀tì: bí ẹ bá ti gbọ́ ohùn òkè yẹn níbẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé àlejò ni. Ọ̀rọ̀ orúkọ kì í sì í fi u bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá tí a ń kọ sínú ìwé. Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú u, ulé ni wọ́n ń pe ilé. Àwọn kan á ní wọ́n ń ba Yorùbá jẹ́. Òfin tiwọn ni wọ́n ń tẹ̀ lé, òfin náà sì dúró ṣinṣin bí ti ìwé.

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀

Kí ni ọ̀rọ̀? Ẹni tó bá ń kàwé á ní ohun tó wà láàárín àlàfo méjì ni. Ṣùgbọ́n àlàfo kò sí lẹ́nu; ẹ tẹ́tí sí èdè tí ẹ kò gbọ́, ẹ ó rí i pé odò kan ṣoṣo ló ń ṣàn. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò rí ìtumọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ tó bá gbogbo èdè mu. Ẹyọ tí wọ́n gbára lé jù ni mọ́fíìmù, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù lọ tó ní ìtumọ̀ tàbí iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀ ni mọfọ́lọ́jì.

Mọ́fíìmù kan lè ní ojú púpọ̀. Ẹ mú oní, tó ń tọ́ka sí ẹni tó ni nǹkan. Pẹ̀lú ilé, ó di onílé. Pẹ̀lú owó, olówó. Pẹ̀lú aṣọ, aláṣọ. Pẹ̀lú epo, elépo. Pẹ̀lú ẹ̀bùn, ẹlẹ́bùn. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀, ọlọ́rọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: òfin n àti l tí a rí lẹ́ẹ̀kan ló tún dé yìí. N dúró níwájú i, ó di l níwájú ìyókù. Fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ń wo ojú fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀ tó so mọ́. Bí ojú ṣe pọ̀ tó, mọ́fíìmù kan náà ni.

Èyí tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mọ́fíìmù tí kò ní ìró tirẹ̀ rárá. Rí i, gbé e, jẹ ẹ́, rà á, kọ ọ́, lò ó, lù ú. Kí ni ọ̀rọ̀ tó dúró fún ohun tí a rí, tí a gbé, tí a jẹ? Ó jẹ́ i, ó jẹ́ e, ó jẹ́ ẹ, ó jẹ́ a: fáwẹ̀lì yòówù tí ọ̀rọ̀ ìṣe bá ní ni yóò yá lò. Ohùn rẹ̀ náà ń wo iwájú: bí ọ̀rọ̀ ìṣe bá ní ohùn òkè, yóò gba ohùn àárín, bí kò bá ní, yóò gba ohùn òkè. Bí a bá ní kí àjèjì kan wá ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ yìí nínú ìwé atúmọ̀ èdè, abẹ́ lẹ́tà wo ni kí ó lọ?

Báwo la ṣe mọ̀ pé òfin ló wà lórí wa, tí kì í ṣe pé a kàn há ọ̀rọ̀ sórí? Ní 1958, olùwádìí kan, Jean Berko, ṣe ohun ọgbọ́n kan ní Amẹ́ríkà. Ó ṣe ọ̀rọ̀ tí kò sí níbì kankan, wug, ó fi àwòrán ẹyẹ kékeré kan han àwọn ọmọdé, ó ní wug nìyí. Ó wá fi méjì hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní wugs. Wọn kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ nílé. Ẹ sọ fún ọmọ kan pé ẹnìkan ń jẹ̀n, ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, kí ẹ sì ní kí ó sọ orúkọ ohun tí ẹni tó ń jẹ̀n ń ṣe, bí ẹni tó ń lọ ṣe ń ṣe lílọ, tí ẹni tó ń kọ ń ṣe kíkọ. Jíjẹ̀n ni yóò sọ. Ó mú kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́, ó fi í olóhùn òkè lé e, ó gbé e síwájú. Bóyá kò tíì mọ lẹ́tà kọ.

Òmíràn tí kò sẹ́ni tó kọ́ wa: gbàgbọ́ àti gbàgbé. Wọ́n jọ ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n a ń sọ pé Ó gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́, ọ̀rọ̀ ìṣe náà la ara rẹ̀ sí méjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ àárín. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé Ó gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé tí ó bá ní i lọ́kàn pé kò rántí ọ̀rẹ́ náà mọ́. Ó gbàgbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ṣé ọ̀rọ̀ kan ni gbàgbọ́ wá jẹ́ ni, àbí méjì? Mo ní kí ẹ má gbára lé àlàfo.

Gbólóhùn

Gbólóhùn kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn kan. Ọ̀rọ̀ máa ń kọ́kọ́ kóra jọ sí ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ á wọ inú ẹgbẹ́, kí ó tó di gbólóhùn. Síńtáàsì ni ẹ̀kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń kóra jọ.

Ọmọ yẹn ra ìwé tuntun. Báwo la ṣe lè mọ àwọn ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ nígbà tí a kò lè fi ojú rí wọn? A lè fi ọ̀rọ̀ kékeré yìí, ni, dán an wò, kí a gbé apá kan gbólóhùn náà síwájú rẹ̀. Ọmọ yẹn ni ó ra ìwé tuntun: ó lọ. Ìwé tuntun ni ọmọ yẹn rà: ó lọ. Tuntun ni ọmọ yẹn ra ìwé: kò lọ. Yẹn ra ni ọmọ ìwé tuntun: ẹni tó bá sọ ọ́, wọ́n á wò ó lójú. Ìwé tuntun lè jọ gbéra lọ síwájú nítorí pé ẹgbẹ́ kan ni, àpólà orúkọ ni wọ́n ń pè é. Yẹn àti ra fara kan ara wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú ẹgbẹ́ kan. Ra ìwé tuntun náà jẹ́ ẹgbẹ́, àpólà ìṣe, ìdí nìyẹn tó fi lè dá dáhùn ìbéèrè pé kí ni ọmọ yẹn ṣe. Bí a bá sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan síwájú, ó ní láti di ọ̀rọ̀ orúkọ kí ó tó lè rìn, ó sì gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ kan sílẹ̀ níbi tó ti kúrò: Rírà ni ọmọ yẹn ra ìwé tuntun, kò jí i.

Ẹ padà wo ohùn ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn. Ra ìwé, ohùn àárín. Ìwé ni ó rà, ohùn ìsàlẹ̀. Ó rà á, ohùn ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń gòkè sí àárín bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ. Ohùn, tí a kà mọ́ ìró lókè, ń wo irú ọ̀rọ̀ tó wà nínú gbólóhùn. Àwọn tó ń kọ́ni pé ìró kọ́kọ́ parí kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ parí kí gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń mú un rọrùn ju bó ṣe rí lọ.

Ibi tí ẹgbẹ́ inú gbólóhùn ti máa ń hàn kedere jù ni ọ̀rọ̀ pọ́nna, ìyẹn èyí tó ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Ọ̀rẹ́ Adé àti Ṣọlá ti dé. Ta ló dé? Bí Adé àti Ṣọlá bá wà nínú ẹgbẹ́ kan, ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì ló dé, àwọn fúnra wọn lè máà sí níbẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ Adé bá jẹ́ ẹgbẹ́, Ṣọlá wà lára àwọn tó dé. Bàbá ọmọ tó ń sáré: ta ló ń sáré? Bí tó ń sáré bá so mọ́ ọmọ, ọmọ ni. Bí ó bá so mọ́ bàbá ọmọ lápapọ̀, bàbá ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, bí wọ́n ṣe tò kò yí padà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ìtumọ̀ méjì fúnra rẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ìkórajọ, tí kò sí lórí ìwé, tí kì í sì í sábà hàn lẹ́nu. Bí gbólóhùn bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lóòótọ́, kò sí bí ìtumọ̀ méjì yìí ì bá ṣe wáyé.

Ìkórajọ yìí kò sì gbára lé pé kí ọ̀rọ̀ ní làákàyè. Ìrònú onígun mẹ́rin mu àná yó. Òmùgọ̀ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ni. A mọ olùwà, a mọ àbọ̀, a tilẹ̀ lè béèrè pé kí ló mu àná yó. Mẹ́rin yó àná mu onígun ìrònú kò ní ìkankan nínú ìyẹn. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ará Amẹ́ríkà, Noam Chomsky, lo irú ẹ̀rí báyìí ní 1957 láti fi hàn pé kí gbólóhùn tọ́ ní gírámà yàtọ̀ sí kí ó ní ìtumọ̀, àti pé òfin tí kò pọ̀ lè bí gbólóhùn tí kò lópin. Ẹ wo Adé sọ pé Ṣọlá rò pé Bísí gbọ́ pé Adé ti lọ. Ẹ tún lè fi pé mìíràn kún un. Èémí lè tán, òye lè pòkúdu, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí gírámà ti máa sọ pé ó tó.

Bí olùwà, ọ̀rọ̀ ìṣe àti àbọ̀ ṣe ń tò yàtọ̀ láti èdè dé èdè. Tiwa ni olùwà, ìṣe, àbọ̀, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Japan àti Turkish ń fi ọ̀rọ̀ ìṣe parí, Welsh àti Irish ń fi í bẹ̀rẹ̀. Irú tiwa àti irú ti Japan ló pọ̀ jù láyé. Àwọn tó ń fi àbọ̀ ṣáájú wà, bíi Hixkaryana ní Brazil, ṣùgbọ́n wọn kò wọ́pọ̀.

Ó ku ẹyọ kan tí àkọtọ́ wa fi pamọ́ pátápátá. Igi ga. Ẹ sọ ọ́ sókè bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an, ẹ má kà á. Igí ga ni ẹ óò gbọ́: ohùn òkè kan ti bọ́ sórí sílébù tó kẹ́yìn olùwà. Ọmọ lọ náà á di ọmọ́ lọ. Ẹ wá sọ pé Igi kò ga. Ohùn òkè yẹn ti lọ. Ẹ sọ pé Igi yóò ga, kò sí níbẹ̀. Ó máa ń wá láàárín olùwà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìṣe, bí a kò bá sẹ́ ọ̀rọ̀ tí a kò sì sọ ti ọjọ́ iwájú. Bí olùwà bá sì ti parí sí ohùn òkè tẹ́lẹ̀, bíi Ilé ga, a lè máà fura sí i rárá. Kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́. Irú iṣẹ́ wo? Àwọn onímọ̀ kan ní àmì àsìkò ni. Àwọn kan ní ó kàn ń so olùwà mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ ni, ó tan mọ́ ó tí a ń lò nínú ó ga. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ń jiyàn lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì gbọ́ Yorùbá ló ní ẹ̀rí tó pọ̀ tó láti dá sí i.